Báwo ni mo ṣe lè hun kíhódà tó jọ àkàrà, tí kò ní jọ ìgbẹ́ ewúrẹ́?

ỌmọAlákàrà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin oníkóróṣé. Ìyá mi máa pé ọdún 60 ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń dín àkàrà lójúde ilé wa, owó àkàrà yẹn náà la fi lọ síléèwé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ra ike àti táwẹ̀lì tí wọ́n máa pín fún àlejò. Èmi àbíkẹ́yìn tí àpò mi gbẹ, mo ní kí n fi wúùlù hun àkàrà kéékèèké tí èèyàn lè fi ṣe kíhódà. Ẹyọ 40 péré, fún ẹbí àti àwọn oníbàárà tó ti ń ra àkàrà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rárá o.

Mo ti hun mẹ́ta. Wúùlù búráùn ni mo lò, ó rí rogodo, mo sì ki fáíbà ìrọ̀rí sí i nínú. Mo gbé ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé kó bá mi wò ó. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní: "Ìgbẹ́ ewúrẹ́ lo hun yìí, àbí kí ni?"

Ẹ gbà mí o. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí ẹni tó bá rí i á fi mọ̀ pé àkàrà ni, láìjẹ́ pé mo dúró tì í máa ṣàlàyé?

Àǹtí Wúùlù

Ẹ̀rín pa mí débi pé ọkọ mi ń bi mí pé kí ló dé. Má bínú, àbúrò. Òótọ́ tó korò ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ.

Bọ́ọ̀lù lo hun. Àkàrà kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù. Lọ́la tí màmá bá ń dín in, jókòó tì wọ́n kí o wo ẹyọ kan dáadáa bí wọ́n ṣe ń kó o jáde nínú epo. Ṣíbí tàbí ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ẹ̀wà lílọ̀ yẹn sínú agbada, nítorí náà kì í dọ́gba. Ó máa ń tẹ́ díẹ̀, àárín rẹ̀ á wú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wá ní àwọn ìrù wẹ́wẹ́ níbi tí ẹ̀wà ti kán sílẹ̀ lẹ́nu ṣíbí. Ìrù yẹn gan-an làwa ọmọdé máa ń kọ́kọ́ já jẹ.

Bí èmi ṣe máa hun ún nìyí. Ìkọ́ 3 mm (ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ sọ́jà, "píìnì kóróṣé" ni kẹ́ ẹ pè é kí wọ́n tó lè dá yín lóhùn), wúùlù tí kò nípọn jù. Fi magic ring bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ojóbó òwú tí èèyàn máa ń fà pa kí ihò má baà wà láàárín. Hun single (ojú ìhun kúkúrú) mẹ́fà sínú rẹ̀. Ní ìyípo kejì, fi ojú méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan, ó di 12. Ní ìkẹta, hun ọ̀kan lásán, kí o fi méjì sínú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yí ká, ó di 18. Ní ìkẹrin, méjì lásán kí o tó fi méjì sínú ẹyọ kan, ó di 24. Lẹ́yìn náà, hun ìyípo méjì láìfi kún un, láìdín in. Níbi yìí ni mo rò pé o ti ṣìnà. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé mẹ́rin tàbí márùn-ún lo hun níbẹ̀, òun ló fi rí roboto. Méjì péré! Lẹ́yìn ìyẹn, máa so ojú méjì pọ̀ di ẹyọ kan ní ibi mẹ́fà nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan: kó padà di 18, kó di 12, kí o ki nǹkan sí i nínú, kí o wá dín in dé 6, kí o fi abẹ́rẹ́ fa ẹnu rẹ̀ pa.

Ìyípo 9 ni gbogbo rẹ̀, ojú 144. Á fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ó tó fún kọ́kọ́rọ́.

Má gé òwú kúrú o. Fi ìrù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀. Ìrù yẹn ni wàá fi gun àárín rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí o máa fà á díẹ̀díẹ̀ kó lè tẹ́. Má fà á jù, tó bá ti jìn láàárín, bọ́tìnnì lo ṣe.

Bọ̀dá Alábẹ́rẹ́

Ọkùnrin ni mí, mo sì ń hun. Ẹni tó bá fẹ́ rín in, kó rín in tán ká lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Gbogbo ohun tí Àǹtí sọ ló dára, ṣùgbọ́n àwọ̀ ló ba ti ọmọ yìí jẹ́. Kò sí àkàrà tó jẹ́ búráùn kan náà látòkè délẹ̀. Ra wúùlù tínínrín méjì, ọ̀kan búráùn, ọ̀kan aláwọ̀ ọsàn tó fẹ́ rọ́ sí yẹ́lò. Pa méjèèjì pọ̀ lọ́wọ́ kan náà kí o máa fi wọ́n hun bí ẹyọ kan. Níbì kan búráùn á yọ, níbòmíràn ọsàn á yọ, ìwọ fúnra rẹ ò ní mọ ibi tí èyí tó kàn ti máa yọ. Bí epo ṣe ń mú àkàrà náà nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì. Wọ́n máa ń kọ́ wa pé ojú rere ìhun ni kó wà níta, níbi tí ojú kọ̀ọ̀kan ti rí bíi lẹ́tà V. Lórí àkàrà, gbàgbé ìyẹn. Nígbà tó bá ku ìyípo kan, yí inú rẹ̀ síta kí o tó ki nǹkan sí i. Ẹ̀yìn ìhun máa ń rí gbágungbàgun, ó ní àwọn ìlà kéékèèké tó dùbúlẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ló jọ ara àkàrà. Ẹnu rẹ̀ á ti kéré díẹ̀ nígbà yẹn, fi ìdí bírò tì í.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ata. Òwú ìránṣọ pupa, fi abẹ́rẹ́ gún un ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kúkúrú kúkúrú bí ìgbà tí ata rodo ò lọ̀ tán. Funfun tàbí àwọ̀ wàrà ní ibi méjì fún àlùbọ́sà. Nǹkan kékeré yìí ló máa jẹ́ kí ojú mọ̀ ọ́n. Mo ti dán an wò: kí n tó fi ata sí i, ọmọ mi ní bisikí ni. Mo fi ata sí i tán, ó ní "Dádì, àkàrà!" Ọmọ ọdún mẹ́rin ni.

Fún àwọn ìrù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: fi ìkọ́ fa òwú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, hun chain mẹ́ta (ojóbó tó tẹ̀ léra bí ẹ̀wọ̀n), kí o dè é padà mọ́ ojú tó wà nítòsí. Ṣe é ní ibi mẹ́ta, kí ààyè àárín wọn má dọ́gba. Tó bá dọ́gba, oòrùn lo hun.

Tèmi_Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n béèrè kí n má baà fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Ìlú ọba níbí ni mo ti kọ́ kóróṣé, lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tó ń gbé lókè wa. "Single" tí ẹ ń pè yìí, kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún mi. Double ni ojú tó kúrú jù nínú rẹ̀.

Àǹtí Wúùlù

Ohun kan náà lẹ̀ ń sọ, ẹ̀gbọ́n. Single ti Amẹ́ríkà ni double ti Gẹ̀ẹ́sì. Double ti Amẹ́ríkà sì ni treble ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí Gẹ̀ẹ́sì fi èdè rẹ̀ kọ́ níléèwé, YouTube ló kọ́ wa ní kóróṣé, nítorí náà ti Amẹ́ríkà ló mọ́ ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu. Tí ẹ bá rí single nínú àpẹẹrẹ kan, ẹ mọ̀ pé ti Amẹ́ríkà ni. Tí ẹ ò bá rí i rárá, ẹ yáa wádìí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òwú.

Tèmi_Peckham

A! Ìdí nìyí tí fìlà tí mo hun fún ọkọ mi nígbà òtútù kò fi kọjá àtàrí. Mo sì ti bá a jà pé orí rẹ̀ ló tóbi.

ỌmọAlákàrà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo jí ní aago márùn-ún àárọ̀ òní, mo lọ jókòó ti màmá. Wọ́n bi mí bóyá owó ni mo fẹ́ yá.

Mo hun ọ̀kan bí ẹ ṣe wí. Ó ti yàtọ̀ gan-an, mo dúpẹ́. Àmọ́ ìṣòro méjì ló kù. Fáíbà funfun tí mo ki sí i ń yọjú láàárín ihò, ó dà bíi pé àkàrà náà ń hu irun. Èkejì, n kò lè kà á. Mo kà á, ó jẹ́ 24. Mo tún un kà, ó di 22. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, 25!

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ ló dẹ̀. Wúùlù tí a fẹ́ ki nǹkan sí nínú, a kì í hun ún bí ẹni ń hun ṣọ́ọ̀lù. Ju ìkọ́ 3 mm yẹn sílẹ̀, mú 2.5. Bí ìka bá ń ro ọ́ lẹ́yìn wákàtí kan, ó dára bẹ́ẹ̀, sinmi, mu omi, kí o tún bẹ̀rẹ̀.

Fáíbà yẹn náà, ta ní ní kí o lò ó? Àjákù wúùlù búráùn tí o ń gé dànù, kó o jọ sínú ọ̀rá. Gé e wẹ́wẹ́, òun ni kí o fi ki í. Bó bá yọjú, búráùn ló máa yọ, ta ló máa mọ̀? Àjákù máa ń ṣe kókó kókó nínú, wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀ fún béárì ọmọdé nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àkàrà wo ni kò ní kókó?

Ìyá tó bí mi lọ́mọ máa ń fi òwú àràbà ki ìrọ̀rí. Mo ti fi ki irú nǹkan wọ̀nyí rí. Ó fúyẹ́, ó dán, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Àmọ́ bí o bá tú u nínú ilé, tó bá di ọjọ́ kẹta, o ṣì máa bá a nínú ọbẹ̀. Má dán an wò bí o ò bá ní àgbàlá.

Ti kíkà: gé òwú funfun kékeré kan, tẹ́ ẹ sórí ojú àkọ́kọ́ nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan kí o tó kọjá. Bí o bá yí ká débẹ̀, o mọ̀ pé ó pé. Ìyípo yìí kì í ní ẹnu tí a ti ń so ó pọ̀, ó ń lọ rélérélé bí ìgbín ni, òun ló ń tan ojú. Má sì máa kà á nígbà tí o bá ń wo fíìmù.

Ṣadé Ẹlẹ́rìn-ín

Ẹ jẹ́ ká fi ojú kéékèèké méjì àti ẹ̀rín sí i! Bẹ́ẹ̀ làwọn ará Japan máa ń ṣe tiwọn. Amigurumi ni wọ́n ń pè é, "ami" ni híhun, "nuigurumi" ni ọmọláńgidi tí a ki. Búrẹ́dì wọn ń rẹ́rìn-ín, ẹyin wọn ń rẹ́rìn-ín, ìrẹsì gan-an ń ṣẹ́jú.

Ìyá Ìbejì

Ojú 144 ti wà lára rẹ̀, ẹ tún fẹ́ fi méjì kún un?

Ṣadé Ẹlẹ́rìn-ín

Ìyá, mo ti dákẹ́ o 😂

Bọ̀dá Alábẹ́rẹ́

Yàtọ̀ sí àwàdà, ẹ má fi ojú ike sí i. Ọmọdé á wà níbi àríyá, oúnjẹ sì ni nǹkan yìí jọ. Ibi àkọ́kọ́ tó máa gbé e lọ ni ẹnu. Ojú ike àti òrùka irin kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, òwú dúdú ni kẹ́ ẹ fi ya ojú náà. Àgbà ni kẹ́ ẹ sì fi kíhódà lé lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bahia

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Salvador ní Brazil ni mo wà, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ yín bí itọ́ ṣe ń dà lẹ́nu mi. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbí, orúkọ wa náà ni, wọ́n kàn fi "jẹ" tì í ni. Àwọn obìnrin tó ń tà á máa ń wọ aṣọ funfun, wọ́n á wé gèlè, ìta gbangba ni wọ́n sì ti ń dín in. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà orílẹ̀-èdè. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, nítorí náà ó pọ́n ju tiwa lọ. Wọ́n á là á lágbedeméjì, wọ́n á fi vatapá (ọbẹ̀ wọn kan tó ki) àti edé sí i nínú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ wa yìí rò nìyí: epo wo ni màmá ń lò? Bó bá jẹ́ epo pupa, kí wúùlù ọsàn pọ̀ ju búráùn lọ. Bó bá jẹ́ òróró, kí búráùn borí. Bí mo bá máa hun ti ibí, màá là á, màá sì fi edé kan tí ó rọ́ bíi lẹ́tà C sí ẹnu rẹ̀, ojú 7 ti wúùlù píǹkì, ó ti tó. Kò sí ẹni tó máa ṣi ìyẹn mú fún nǹkan mìíràn.

Àṣàkẹ́_Ìbàdàn

Mo ti ń kà á látòkè, ẹ̀rù kan ló ń bà mí, ẹ má bínú sí mi. Ṣé kò sí ẹni tó rántí pé tí àgbàlagbà bá kú làwọn ọmọ máa ń dín àkàrà káàkiri àdúgbò? Ẹ fẹ́ pín àkàrà ní ọjọ́ ìbí ẹni tó wà láàyè. Ní agbolé wa, àwọn ìyá kan á dìde kúrò lórí ìjókòó.

Àǹtí Wúùlù

Wúùlù ni, Àṣàkẹ́. Ta ló ń fi wúùlù ṣe òkú?

Ìyá Ìbejì

Ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ló sọ. Èmi mọ̀ pé àkàrà iṣẹ́ ni èyí, kì í ṣe àkàrà òkú, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó ti Ìsẹ́yìn wá, tí wọ́n kàn ju àkàrà kan sí lọ́wọ́ lẹ́yìn ijó, kò mọ̀. Ohun tó rọrùn ni pé kí ẹ fi búrẹ́dì sí i. Àkàrà àti búrẹ́dì Agége, oúnjẹ àárọ̀ ni, kò sí ẹni tó máa ṣì í gbọ́. Bí kò bá sì sí búrẹ́dì, ẹ kọ orúkọ màmá àti iye ọdún wọn sórí páálí kékeré kan kí ẹ so ó mọ́ ọn.

Àṣàkẹ́_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, mà. Búrẹ́dì yẹn ló máa pé jù. Bí mo ṣe máa ń hun tèmi nìyí, ó rọrùn ju àkàrà lọ: chain 9 pẹ̀lú wúùlù àwọ̀ wàrà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú chain kejì sí ìkọ́, ẹ máa rí single 8. Chain kan, ẹ yí i padà, ẹ tún hun 8. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi di ẹsẹ̀ 14. Ẹ má hun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹyọ kan gígùn ni kí ẹ ká sí méjì, ibi tí ó ti ká yẹn ni ẹ̀yìn búrẹ́dì. Ẹ wá fi wúùlù búráùn yí etí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, single mẹ́ta sínú igun kọ̀ọ̀kan kí igun má baà ká bí etí ajá. Ẹ ti àkàrà bọ àárín, ẹ rán an ní ibi méjì.

Etí búráùn yẹn ṣe pàtàkì. Èyí tí mo kọ́kọ́ hun, n kò fi sí i, wọ́n ní kànrìnkàn ìfọwọ́ ni.

ỌmọAlákàrà

Kí Ọlọ́run bù kún yín. N kò rò ó débẹ̀ rárá. Òróró ni màmá ń lò lójoojúmọ́, nítorí náà búráùn ló máa borí. Ṣùgbọ́n 40 àkàrà pẹ̀lú búrẹ́dì 40, ṣé ó ṣeé ṣe? Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń hun àkàrà kan báyìí.

Àǹtí Wúùlù

Díẹ̀díẹ̀ lọwọ́ á máa yá. Ẹni tó ń hun ẹ̀kẹwàá kì í ṣe ẹni tó hun àkọ́kọ́. Nígbà tí mo ń hun tèmi fún ìgbéyàwó àbúrò mi, wákàtí kan ni mo fi hun ti àkọ́kọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 ni mo fi hun èyí tó kẹ́yìn.

Àmọ́ ẹ̀tàn wà níbẹ̀ o. Má hun ẹyọ kan tán pátápátá kí o tó bọ́ sí èkejì. Ojú 144 lọ́nà 40 jẹ́ 5,760, bí o bá ń rò ó bẹ́ẹ̀ á rẹ̀ ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Hun ara wọn lásán nínú mọ́tò, níbi ìsìn (bí pásítọ̀ bá gbà), nígbà tí iná bá lọ. Kó wọn sínú abọ́. Lọ́jọ́ kan, ki nǹkan sí gbogbo wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ata àti àlùbọ́sà nìkan. Ọjọ́ tó kẹ́yìn, irin. Ọwọ́ kì í fẹ́ kí a máa yí iṣẹ́ padà fún un lọ́pọ̀ ìgbà.

Ti búrẹ́dì, fún àwọn àgbàlagbà nìkan, bíi mẹ́wàá. Àwọn tó kù, páálí tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn ti tó.

Kọ́kọ́rọ́ Ti Sọnù

Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ibi tó dùn mí jù. Wọ́n fún mi ní kíhódà oníwúùlù kan níbi àríyá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ó rẹwà gan-an. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n so irin mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, inú dáńfó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, kọ́kọ́rọ́ ilé ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo sun ilé ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má so irin mọ́ awọ òde rẹ̀ nìkan. Kí ẹ tó fa ẹnu rẹ̀ pa, ẹ mú òwú tó le, ẹ ká a sí méjì, ẹ fi gun un láti ìsàlẹ̀ gba àárín jáde lókè, ẹ ta kókó rẹ̀ sísàlẹ̀ nínú, kó jẹ́ pé odidi àkàrà ló di irin náà mú. Lẹ́yìn náà ẹ hun chain 10 lókè, ẹ fi òwú yẹn gba inú rẹ̀. Kí òrùka yín jẹ́ èyí tó ká ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí èékánná máa ń dun èèyàn tó bá fẹ́ ṣí i. Àwọn òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ẹnu, tí wọ́n fi ń ṣe yẹtí, bí ẹ bá máa lò wọ́n, ẹ má fa ẹnu wọn ya sọ́tùn-ún sósì. Ẹ lọ́ ọ, apá kan síwájú, apá kan sẹ́yìn, kí ẹ tún lọ́ ọ padà. Bí ẹ bá fà á ya, kò ní padà dí dáadáa mọ́.

Bọ̀dá Alábẹ́rẹ́

Ó ṣe o. Mo fi èyí kún un: ìrù òwú tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má gé e lẹ́nu kókó. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tọ̀ ọ́ sínú, gba ọ̀tún, padà gba òsì, kí ẹ tó gé e. Kókó nìkan máa ń tú nínú àpò sòkòtò.

Rírà_àti_Títà

Wúùlù wo ló dára jù fún un? Wọ́n tà á fún mi ní Balógun pé irun àgùntàn gidi ni.

Ìyá Ìbejì

Ọ̀pọ̀ wúùlù ọjà wa kì í ṣe irun àgùntàn rárá, acrylic ni, ike ni. Gé bíi ìka kan nínú rẹ̀, fi irin mú un, fi iná kàn án lórí abọ́ omi. Bó bá yọ́ tó di kókó dúdú líle, acrylic ni. Bó bá di eérú, tó ń rùn bíi bébà, òwú gidi ni. Bó bá ń rùn bí irun tó jóná, àgùntàn ni, lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún ọ.

Acrylic ò burú fún kíhódà. Àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń yọ irun bó bá ti ń fara kan nǹkan nínú báàgì. Òwú gidi kì í tètè yọ irun bẹ́ẹ̀, ó kàn máa ń gun ọwọ́ ẹni tó ń hun ún ni. Ẹ kìlọ̀ fún alákàrà o, kí wọ́n má gbé acrylic súnmọ́ ìdáná. Ẹ má fi áyọ́nù tẹ̀ ẹ́ náà. Bó bá dọ̀tí, ọṣẹ díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, fọwọ́ fún un, má lọ́ ọ, kí o sá a sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

ỌmọAlákàrà

Ẹ̀yin èèyàn mi, àkàrà ti tú sépo o!

Mo kó mẹ́rìndínlógún sínú ọ̀rá dúdú, mo fi sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Lánàá mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá màmá lórí àga, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sí orí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń yí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò. Ọ̀rá ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi rí i. Mo dúró síbẹ̀, n kò mọ ohun tí mo máa sọ.

Wọ́n gbé ọ̀kan sókè, wọ́n ní: "Ta ló dín èyí?"

Mo ní èmi ni.

Wọ́n ní: "Kò jiná."

Wọ́n wá ṣà wọ́n sọ́tọ̀ níwájú mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣà á fún oníbàárà. Mẹ́wàá jiná. Mẹ́rin kò jiná, ọsàn pọ̀ jù lára wọn. Méjì, wọ́n ní mo jẹ́ kí epo gbóná jù kí n tó dà á sí i (àwọn méjì yẹn ni mo ti fi búráùn nìkan hun nígbà tí wúùlù ọsàn tán). Ata pọ̀ lára ọ̀kan, wọ́n ní oníbàárà máa jà. Wọn ò sọ̀rọ̀ òkú rárá, Àǹtí Àṣàkẹ́. Búrẹ́dì ni wọ́n bèèrè, wọ́n ní ta ló ń jẹ àkàrà lásán.

Nítorí náà mo ti tú mẹ́fà ká, mo ń tún wọn hun. Ó ku ọgbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ẹni tó ní wúùlù àwọ̀ wàrà nítòsí Yábà, kó sọ fún mi. Màmá ti ní gbogbo ẹyọ 40 gbọ́dọ̀ ní búrẹ́dì, wọ́n sì fẹ́ tiwọn pẹ̀lú búrẹ́dì méjì.